Òkúta Inú Àpò Mi

Ọjọ́ Àìkú, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn

Sàfúrà ọmọ mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Àná ni Rájì ẹ̀gbọ́n rẹ kó wa lọ wo òkè ní Ṣábẹ̀, ó ní ìgbafẹ́ ni. Ìgbafẹ́ wo? Àgbàlagbà ń gun àpáta bí ewúrẹ́! Mo jókòó sísàlẹ̀, mo ń pòṣé.

Ọdọọdún ni ìyá yín ń bẹ̀ mí kí n mú òun lọ wo òkè ìlú òun, Ṣábẹ̀ yìí kan náà. Mo máa ń ní ó di ẹ̀yìn ìkórè. Ó kú.

Nígbà tí à ń bọ̀, Rájì, tó ń pe gbogbo èèyàn ní kámáráàdì bí ìjọba ṣe ní ká máa ṣe, ní, "Kámáráàdì Bàbá, kí ló wú nínú àpò yín?"

"Panu ẹ dé, kámáráàdì òfìfo."

Ní Ìfàǹyìn wa níbí, igi la fi ń sàmì sórí sàréè, ilẹ̀ wa ò ní òkúta. Ikán ti jẹ ti ìyá yín. Mo ri òkúta tí mo ṣà ní Ṣábẹ̀ síbẹ̀ lónìí.

Ìyá Rájì, ẹ̀yìn ìkórè rèé.