Ọwọ́ Tó Wà Nínú Lóógò Ojúmọ́

Bè-Kpota, Lomé,
Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi Fàòsíyà,

Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará ilé ní Àjàṣẹ́. Mo bẹ Ọlọ́run kí orúnkún tó máa ń dùn yín lásìkò ọyẹ́ ti fúyẹ́, kí oorun yín sì máa dùn. Ara tèmi le. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ni kò jẹ́ kí n sinmi, ó sì ti sú mi débi pé èmi fúnra mi ni mo ń bí ara mi nínú.

Ẹ ó rántí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ eré Ojúmọ́ gbé jáde, nígbà tí Alhaji Hàrúnà, ọ̀gá wa, ṣì ń fi yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ṣe sítúdíò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi làálì ṣe ọwọ́ àwọn ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́ ni ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí àárín àtẹ́lẹwọ́ ara yín, tí ẹ fi ewé àti òdòdó yí i ká. Mo gbé kámẹ́rà dúró. Ẹ ṣí ìka yín níkọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo tẹ bọ́tìnnì lọ. Ọwọ́ yẹn ló di lóógò wa, àmì ilé-iṣẹ́ tó ń ṣáájú gbogbo eré.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gba eré wa, tí Alhaji bèèrè lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ta ló ronú kan lóógò yìí?", èmi ni mo dáhùn pé, "Èmi ni, Alhaji." Wọ́n gbà mí gbọ́ kíákíá, nítorí pé èmi ni mo ní ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ẹ wò mí, ẹ ní, "Sùlìá, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, orúkọ tìrẹ ni wọ́n ń pè." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ kó ẹrù yín lọ sí Àjàṣẹ́ kí oṣù náà tó parí, mo sì sọ fún àwọn ará ilé pé ọ̀rọ̀ ọkọ ló gbé yín lọ.

Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n lè ní kí n fi làálì ṣe ọwọ́ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi kọ̀ǹpútà ṣe ayé róbótó kan tó ń yí bírí bírí, mo ní ọwọ́ yẹn kò bá ìgbà mu mọ́. Àwọn ará àdúgbò kò jẹ́ kí n gbádùn. "Bọ́ọ̀lù kí nìyẹn? Ṣé pápá Kégué lẹ gbé wá sílé wa ni?" Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pierre, ọmọ Mina tó ń bá wa to fídíò, ṣe òbírí iná kan tó mọ́lẹ̀ yòò. Wọ́n tún ní ojú sítóòfù gáàsì ni. Wọ́n ní kí a kúkú gbé ìkòkò kà á!

Ní báyìí, eré tuntun wa yóò jáde lóṣù tó ń bọ̀, Alhaji sì ti fárígá pé ọwọ́ àtijọ́ lòun fẹ́. Ó ní ti inú kásẹ́ẹ̀tì ti ṣú jù, kí n ṣe é lọ́tun, kí orúkọ mi sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un pé iṣẹ́ yín ni. Ó ní, "Ìrẹ̀lẹ̀ rẹ ti pọ̀ jù, jàre." Mo tún jẹ́wọ́. Ó pe Pierre wọlé kó wá gbọ́ bí ọmọlúàbí ṣe ń sọ̀rọ̀! Ẹ̀gbọ́n mi, mo purọ́, ayé gbà á lẹ́ẹ̀kan náà; òtítọ́ ni mo wá ń sọ títí ẹnu fẹ́ bó, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́.

Inú bí mi, mo ra làálì, mo fi kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ara mi. Ó ṣàn, ó dàpọ̀, ó dà bí ibi tí adìẹ ti fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀, kò sì ṣeé fọ̀ kúrò. Bí mo ṣe tẹ́ ọwọ́ ṣe àdúà ní Jímọ̀ nìyẹn, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ pé, "Ìyàwó tuntun, ọkọ dà?" Láti mọ́sálásí ni mo ti lọ bá Alhaji tààrà ní bíró. Mo na ọwọ́ náà síwájú rẹ̀, mo ní, "Alhaji, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ọwọ́ tó ṣe ti àkọ́kọ́ nìyí?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Sùlìámọ́nù, láti ọjọ́ yìí wá, olè ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ní kí ó pè yín lórí fóònù, ó kọ̀. Ó ní òun kò ní bá ẹni tí a ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ tó tọrọ àforíjì, àti pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà rí ẹnu yí i padà. Mo jẹ̀bi yín, ẹ̀gbọ́n mi. Mo jí iṣẹ́ yín, mo sì fi irọ́ bo ìdí tí ẹ fi lọ. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ wá ṣe òmíràn fún wa. Bí ẹ bá gbà, a ó lo ti inú kásẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kó ṣú tó, orúkọ yín yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀, eré yóò bẹ̀rẹ̀ láìní lóógò kankan, èmi ni n ó sì máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀rọ̀ sí ọkàn yín. Kí ọwọ́ yín má ṣe rọ, kí àwọn ọmọ yín má sì pàdé ẹni tí yóò jẹ òógùn ojú wọn bí mo ṣe jẹ tiyín.

Èmi ni àbúrò yín tó ṣẹ̀ yín,
Sùlìámọ́nù.

Àfikún: Ẹ má fi èsì ránṣẹ́ sí mi. Alhaji ni kí ẹ fèsì fún tààrà, kódà bó jẹ́ èébú lẹ fẹ́ bú mi. Mo ti fi ẹnu mi sọ̀rọ̀ tiyín tó.