Ilẹ̀kùn Ọlọ́nàdé

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 2025

Ìkẹ́rẹ́. Iná ò sí ní ọ́fíìsì láti àárọ̀. Èmi àti Ẹnubodè jókòó ti dátábéèsì wa — Máyọ̀wá ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, òun ló ń ṣe kóòdù rẹ̀, òun ló sì mọ gbogbo páásíwọ̀ọ̀dù. Gbogbo iṣẹ́ ọnà Èkìtì tí wọ́n ti tà ní gbàǹjo nílùú òyìnbó, láti ayé àwọn ajẹ́lẹ̀ títí di ìsinsìnyí, la fẹ́ kó síbẹ̀ fún àwọn olùwádìí. Ilẹ̀kùn, òpó, ẹ̀gbà ọwọ́ eyín erin. Ọdún tí wọ́n tà á, ibi tí wọ́n ti tà á, ẹni tó tà á, ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ẹni tó gbẹ́ ẹ! Inú bí mi lónìí. Kátálọ́ọ̀gù lẹ́yìn kátálọ́ọ̀gù, "a kò mọ̀ ọ́n" ni wọ́n ń kọ. Wọ́n mọ orúkọ òyìnbó tó fi ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀, wọn ò mọ ti ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ nílé wa, oríkì mọ̀ wọ́n lórúkọ. Mo ní kí Ẹnubodè fi àyè kan kún un fún oríkì. Ó béèrè bóyá kóun tì í, kó jẹ́ pé àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ nìkan ni yóò rí i. Mo ní rárá o, kó ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Nǹkan tá a ti fi pamọ́ ti tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì

Mo lọ sí Ìṣẹ̀ lọ rí Màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán, òun nìkan ló kù nínú àgbàlá ńlá yẹn. Òun ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn tí baba ńlá wa, Ọlọ́nàdé, gbẹ́. Méjì ni wọ́n, tako tabo. Wọ́n ti ta akọ ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó bí mi — inú kátálọ́ọ̀gù ni mo ti rí i. Abo ṣì wà lẹ́nu yàrá inú lọ́hùn-ún.

Àwọn ọmọ ilé wa pọ̀ l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Abidjan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Màmá ò gbóhùn wọn rí. Ẹni tó bá dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò ti fi oríkì ilé ki Màmá. Bó bá kì í délẹ̀, ọmọ ilé ni, Màmá á ṣílẹ̀kùn fún un, á fún un níṣu. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kì, àlejò ni, kó dúró síta. Bó ṣe wà nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́nàdé kí n lè gbà á sórí fóònù, nítorí òun gan-an ni mò ń wá. Ó rẹ́rìn-ín. "Éè ṣe ibẹ̀ la í ti bẹ̀rẹ̀ ní ulé yìí." Òótọ́ ni, ọ̀dọ̀ ìyá la ti í bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà fún mi — mo ti jẹ́ àkẹ́bàjẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ọmọ Ọlọ́nàdé, a-gbẹ́gi-fojú-sí-i, ọmọ ulẹ̀kùn méjì a-bára-wọn-sọ̀rọ̀... Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú dátábéèsì. Fọ́tò akọ, orúkọ ìlú, pé abo ṣì wà nílé, oríkì látòkèdélẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ: Ọlọ́nàdé. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, 26 Fẹ́búárì

A ṣí i fún aráyé. Ìméèlì ìkíni ń rọ́ wọlé. Ẹnubodè ní ojú mi ń dán bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kò parọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Máàṣì

Bí mo ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Bọ̀ọ̀dá Akíndélé pè mí, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe tíṣà ní Emùré. Ilẹ̀kùn ti lọ. Ẹnikẹ́ni ò fọ́lé. Màmá fúnra rẹ̀ ló ṣílé fún wọn.

Ọjọ́ Ajé, 17 Máàṣì

Férémù lásán ló kù. Mi ò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Inú Màmá ń dùn — ìyẹn ló burú jù. Ó ní ọmọ ilé kan ti Abidjan dé lọ́jọ́ Ẹtì, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kì í délẹ̀. Ó ní ikán ti ń jẹ ilẹ̀kùn, òun fẹ́ gbé e lọ fún káfíńtà. Màmá súre fún un, ó tún di iṣu fún un.

Bọ̀ọ̀dá ní olè ni. Màmá gbaná jẹ. "Olè kè! Olè éè mọ oríkì ulé ẹni. Ọmọ mi ni."

Mo bi í pé níbo lọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ Ọlọ́nàdé, pé ó ya òun náà lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n òun rò pé bóyá bí wọ́n ṣe ń kì í l'Abidjan nìyẹn.

Èmi nìkan ni mo tíì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rí, ojú ewé mi nìkan ló sì wà bẹ́ẹ̀. Mo fa Bọ̀ọ̀dá lọ sẹ́yìn ilé, mo sọ fún un. Ó ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Nígbà tí mo ń lọ, mo kí i pé ó dàbọ̀, kò dáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Máàṣì

Ẹnubodè ti yọ àyè oríkì kúrò. Ẹyin lọ̀rọ̀ — kí la tún fẹ́ kó nílẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 3 Épírì

A ti rí i. Ilé gbàǹjo kan nílẹ̀ Faransé ti gbé e síta, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tà á. Fọ́tò tiwọn, ọ̀rọ̀ tèmi. Wọ́n túmọ̀ gbogbo ohun tí mo kọ, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ Ọlọ́nàdé sókè, torí pé ohun tó ní orúkọ ẹni tó ṣe é máa ń wọ́n ju èyí tí kò ní lọ. Èmi ni mo bá wọn polówó ọjà.

Lọ́yà wa ní wọ́n lè dá a dúró, bí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà bá búra pé olè ló gbé e. Màmá nìyẹn. Màmá sì ti ní ọmọ òun ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Épírì

Èmi àti Bọ̀ọ̀dá tún lọ. Mo sọ fún Màmá pé èmi ni mo gbé oríkì ilé síta, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á kó sì mọ̀ ọ́n sórí.

"Ojú mi ti lọ," ló wá wí. "Oríkì yìí ni mo fi í mọ ọmọ ulé. Bí mo bá búra pé olè lè kì í, kí ni mo tún fẹ́ fi mọ̀ yín?"

Bọ̀ọ̀dá ní ilẹ̀kùn baba wa mà ni. Màmá ní òun mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 7 Épírì

Màmá gbà. A gbé e lọ sí kóòtù, ó búra, ó tẹ̀ka. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Épírì

Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú gbàǹjo! Ọwọ́ ọlọ́pàá tọ̀hún ló wà báyìí, wọ́n sì ní yóò padà wálé. Ẹnubodè pariwo débi tí àwọn ọ́fíìsì kejì fi yọjú. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Mo wọ mọ́tò, ó di Ìṣẹ̀. Lójú ọ̀nà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù tó kọjá, mo gbọ́ orin lẹ́nu ara mi.

Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá, bó ṣe yẹ. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́nàdé tí ohùn Màmá fi jáde látinú ilé pé kí n dákẹ́.

Mo ní, Màmá, èmi mà ni.

"Mo mọ ohùn rẹ. Mọ́ kì mí mọ́. Ẹnìkan éè gbọdọ̀ kì mí mọ́ ní ulé yìí. Sọ orúkọ rẹ, bí àlejò ti í sọ ọ́."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Mo ní Ọmọ́wùmí ni, ọmọ Ọlálérè, láti Ìkẹ́rẹ́.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì béèrè ohun tí mo bá wá.