Ìyípo Tí N Kò Yẹ̀ Wò

Sí ọmọbìnrin mi àgbà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé oòrùn tí o ti ń wọn ilẹ̀ kiri kò mú jù? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ọpẹ́ ni. Ìyá rẹ le koko bí ọta. Èmi ni ó rẹ̀, kì í sì í ṣe irú àárẹ̀ tí ènìyàn ń sùn tán kó lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn kí n tó dé ọ́fíìsì. Láti ọdún méje, "ẹ ǹlẹ́, sà" àti "ẹ gbé e fún Mọ́mì" nìkan là ń bá ara wa sọ lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Oṣù tó ń bọ̀ ni n ó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ka ìṣirò wa ní àwọn fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ mi jọ sínú ìwé kan, kí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n ka èyí tí àwọn atẹ̀wé kọ́kọ́ kó wá, kí n fi bírò pupa sàmì sí àṣìṣe. Mo jókòó tì í láàárín àwọn páálí tí mo ti di ìdajì ẹrù mi sí. Kọ́mà tó sọnù ni mo ń wá kiri o. Ojú ewé kọkànlélógójì ni mo dé tí ọwọ́ mi fi dúró.

Iṣẹ́ tó sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn. O mọ̀ ọ́n. Bí a bá gbé ọfà kan yí ààyè kan ká, tí a kò fọwọ́ yí i rárá, ó lè padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kó sì kọjú síbòmíràn. Àkójọ gbogbo yíyí tí oríṣiríṣi ìyípo lè fún ọfà náà ni àwa oníṣirò ń pè ní hólónómì. Mo ti kọ ọ́ pé nínú irú ààyè tí mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí, èyí tí kò wú, tí kò sì ṣẹ́ níbì kankan, kò sí yíyí kankan: bí ọfà bá ṣe jáde ni yóò ṣe wọlé. Ẹ̀rí mi wà nínú gbólóhùn kan: "Ìyípo yòówù tí a bá mú, a lè fún un pọ̀ títí yóò fi di ojú kan ṣoṣo." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Irọ́ ni! Ihò wà nínú àwọn ààyè náà. Inú ìṣirò ojú ewé mẹ́sàn-án ló sá pamọ́ sí, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ìyípo tó bá sì yí ihò ká kò ṣeé fún pọ̀. Àwọn ìyípo kéékèèké ni mo yẹ̀ wò, n kò yí ihò ká rí. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ku ọdún kan kó pé ogún.

Mo lọ bá olórí ẹ̀ka wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni nígbà kan rí, ọwọ́ méjèèjì ló fi fún mi ní àga. Ó ní, "Bàbá, ta ló fẹ́ ṣí ojú ewé kọkànlélógójì? Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ìwé yín, ká ya fọ́tò." N kò bá a jiyàn. Kí n má purọ́ fún ọ, díẹ̀ ló kù kí n gbà.

Nílé, oúnjẹ tutù níwájú mi. Ìyá rẹ bi mí pé ta ló kú. Mo ya bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan gbọọrọ bí ìgbànú, mo lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo lẹ orí rẹ̀ mọ́ ìdí. Mo fi pẹ́ńsù ya ọfà kan tó kọjú sí etí bébà, mo ń yà á tẹ̀ lé ara wọn títí mo fi padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e sójú iná, èyí tó jáde lọ kọjú sí etí kan, èyí tó wọlé dé kọjú sí èkejì. Mo ní, "Wò ó, bébà yìí kò wú, kò ṣẹ́, síbẹ̀ ọfà yí nígbà tó yí ihò àárín rẹ̀ ká." Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó wá wò mí. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ohun tí ọmọ yẹn bi yín nìyí? Ó sọ ọ́ fún mi nígbà tó ń di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun bi Dádì pé ìyípo tó bá yí ihò ká ńkọ́."

Háà! Ọmọ mi, mo ti gbàgbé. Mo ti gbàgbé pátápátá. Bó ṣe sọ ọ́ ni gbogbo rẹ̀ padà wá: gbọ̀ngàn tí mo ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà, àwọn àlejò tó wá láti òkèèrè, ìwọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn tí o nawọ́. Mo ní, "Ìbéèrè ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Jókòó, a ó sọ fún ọ nílé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. A sì délé, n kò sọ nǹkan kan fún ọ. Kí sáà tó parí, o fi ẹ̀ka wa sílẹ̀, o ní orí rẹ kò gbé e. Èmi wá ń sọ fún àwọn ènìyàn pé iṣẹ́ awọnlẹ̀ lo yàn nítorí pé o fẹ́ràn ìta gbangba.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde pé mo gbà á padà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ mi ti rí àṣìṣe yìí lọ́dún méje sẹ́yìn, mo sì dárúkọ rẹ ní kíkún. Mo ní kí ẹ̀ka wa yọ iṣẹ́ náà kúrò nínú ìwé ìfẹ̀yìntì. Olórí ẹ̀ka kò gbé fóònù mi mọ́, ìwé náà sì ti rí pẹlẹbẹ. Mo gbìyànjú láti tún un ṣe. Fún ọjọ́ mọ́kànlá ni mo ń yí ihò náà ká. Ohun tó wà níbẹ̀ dára ju èyí tí mo kọ lọ, mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò rí ojú rẹ̀. Mo dé àárín, ọpọlọ mi jókòó, ó kọ̀, kò dìde. Mo ti pa ìwé ìṣirò náà dé.

N kò ní kí o padà wá síbi tí o ti kúrò. O ní iṣẹ́ rẹ, o sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o gbé ayé rẹ lórí pé orí rẹ kò gbé e. Àwa ogójì ló wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, ìwọ nìkan lo rí i.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ibi tí wọn yóò ti fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Kí o ní àwọn tí yóò fetí sí ọ nígbà tí o bá sọ̀rọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Ìyá rẹ bá mi níbi tí mo ti ń lẹ àpò ìwé yìí, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á tán. Ó ní gbogbo nǹkan ló wà nínú rẹ̀ àyàfi ohun tó yẹ kí n torí rẹ̀ kọ ọ́. Mo tún un kà, òótọ́ ni. Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.