Sitirọ́ọ̀ Òdìkejì Afárá

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ọlọ́run tó dá ẹnu kò ní jẹ́ kí tìẹ dí o. Àwa ti ṣẹ́gun níbí! Jókòó dáadáa kí o tó kà á, kí o má baà ṣubú níbi iṣẹ́.

O mọ̀ pé látìgbà tí àìsàn yẹn ti kọ lu bàbá yín ni ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n, tí ohùn wọn sì ti lọ. Sitirọ́ọ̀ ni wọ́n fi ń fa ẹlẹ́rìndòdò wọn lọ́sàn-án, ní ilé oúnjẹ mi, láàárín àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Àfìgbà tí òṣìṣẹ́ káńsù wa wọlé, ó ní wọ́n ti fòfin de sitirọ́ọ̀ oníke ní gbogbo ilé oúnjẹ, pé inú òkun ló ń gbẹ̀yìn sí, pé ó ń há sí imú ìjàpá inú omi. Mo ní ta ló fún ìjàpá ní sitirọ́ọ̀, kí ló sì fẹ́ fi mu tí kò lè fẹnu lásán mu nínú gbogbo omi yẹn? Ó palẹ̀ gbogbo tèmi mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún bàbá yín, ó ní òfin ò mọ aláìsàn.

Ni bàbá yín bá ń fi ife mu ún, ó ń dà sí wọn láyà, àwọn èèyàn ń wò. Ojú tì wọ́n, wọn ò jáde ní yàrá mọ́, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo sunkún, ọmọ mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ránṣọ ló sọ fún mi pé òfin òdìkejì afárá yàtọ̀ sí tiwa, pé wọ́n máa ń fún ẹni tó bá béèrè. Ó yà mí lẹ́nu, odò kan náà ló ń ṣàn lábẹ́ afárá, àbí imú ìjàpá tiwọn fẹ̀ jù ni? Mo di bàbá yín lọ́wọ́ mú, a sọdá.

Ilé oúnjẹ onígíláàsì la wọ̀, àga rẹ̀ ń yí bírí. Mo béèrè sitirọ́ọ̀ fún bàbá yín. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri ní rárá, ẹni tó máa lò ó ni kó fẹnu ara rẹ̀ béèrè, àti pé òṣìṣẹ́ káńsù wọn ló ń jẹun lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní ọkọ mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kí n máà bínú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kù díẹ̀ kí n kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo lè bí lọ́mọ. Bàbá yín ń wò wá, ojú wọn pọ́n. Wọ́n lanu, wọ́n ní ṣé àwọn ò ní rí sitirọ́ọ̀ gbà nínú ilé yìí ni!

Mo figbe ta. Gbogbo ilé dìde. Òṣìṣẹ́ káńsù fúnra rẹ̀ ló sáré mú un wá. Bàbá yín ní ó kúrú.

Mo ti wá mọ ìyàtọ̀ wọn: káńsù tiwa ń tọ́jú ìjàpá, tiwọn ń tọ́jú èèyàn. Bá mi kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ alága wọn, kí o sì bi í bóyá ó ní òfin kankan fún orúnkún mi tó ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi ohùn bàbá yín ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Bí kò bá tíì dé, ọ̀nà ni ò dáa.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, nítorí ojoojúmọ́ ni bàbá yín fẹ́ máa sọdá lọ béèrè. Má fi gba báǹkì, ẹ̀rọ ara ògiri yẹn kì í dáhùn bí mo bá kí i. Fi lé awakọ̀ lọ́wọ́.

Ohunkóhun tí o bá fẹnu rẹ béèrè, wàá rí i gbà. Ayé ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Bàbá yín ní kí n bi ọ́ pé ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi béèrè o.

Èmi ìyá rẹ.