Káàdì Ńlá Kò Mọ Àwọ̀ Ènìyàn

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Káàdì àwòrán ni pátákó kékeré inú kọ̀ǹpútà tó ń ya ohun tí à ń rí sójú sikiríìnì. Ó ń mú kí iṣẹ́ yá. Kò mọ àwọ̀ ènìyàn.

Ẹ ní ọlọ́jà kọ̀ǹpútà yẹn sọ pé káàdì ńlá àwọn onígéèmù ni ilé fọ́tò yín nílò. Irọ́ ni. Fọ́tò ìgbéyàwó lẹ ń tún ṣe. Káàdì àárín tó yín. Ẹ fi owó tó kù ra sikiríìnì tí kì í parọ́ àwọ̀.

Ọ̀gá mi ní ilé fọ́tò níbí ra káàdì tó ga jù, ó so ó mọ́ sikiríìnì àlòkù. Lójú sikiríìnì, ìyàwó kan tí a ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ń dán. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ojú rẹ̀ tó dúdú bí kóró iṣin ti di eérú.

Ọ̀gá ní, "Gbé e fún un bẹ́ẹ̀!"

Mo ní, "Mi ò gbé e fún un, sà. Ojú rẹ̀ kọ́ nìyí."

"Ṣé ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ ni?"

"Rárá sà. Ṣùgbọ́n mo lójú."

Láti ọjọ́ náà, yàrá ẹrù ni mo wà, mò ń gbé férémù. Apá mi ti le sí i! Bí Màámi bá bèèrè, ẹ ní mo ṣì wà nídìí fọ́tò. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀ nítorí pé mo ríran.

Ẹ bá mi kí Màámi àti àwọn ọmọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú fọ́tò kan tí àwọ̀ rẹ̀ dá yín lójú lọ bá ọlọ́jà, fáìlì rẹ̀ àti èyí tí ẹ ti tẹ̀ sórí bébà, ẹ ṣí fáìlì náà lórí sikiríìnì rẹ̀, kí ẹ gbé bébà náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àwọ̀ méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ má rà á, ẹ máa lọ sílé.

Àbúrò yín.