Iná Tó Jó Rẹ̀kíátù Kò Hàn Lára

Rẹ̀kíátù Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ajégúnlẹ̀? Ara líle ni mò ń tọrọ fún ọ lẹ́yìn gbogbo ìrun. Àwa náà wà, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu, ewúrẹ́ wa sì ti bí ìbejì.

Mo pè ọ́ títí lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan ló ń gbé fóònù rẹ, ó ń sọ òyìnbó. Mo kí i dáadáa, mo ní kó sọ fún ọ pé kó o jẹun, àmọ́ kò dúró gbọ́ mi tán.

Hameed ẹ̀gbọ́n rẹ ló wá ròyìn pé dókítà sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ò ń ṣe, tó ò ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú láti ojúlé dé ojúlé, ti fún ọ ní bọ́ọ̀náòtì. Mo bi tíṣà, ó ní bọ́ọ̀n ni kí iná jó èèyàn. Mo sunkún, mo wá oyin tí wọn yóò fi pa ojú iná náà. Friday, tó ń bá Hameed já ẹrù ní Apápá, ló wá gbà á. Mo bi í pé ibo ni iná ti jó ọ lára, kò rẹ́rìn-ín rárá, ó ní àárẹ̀ iṣẹ́ tó wọni lọ́kàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í hàn lára.

Ó ní òun náà ti ṣàìsàn ọpọlọ rí, pé nígbà tí àwọn ará ilé òun sá, ìwọ lo jókòó sẹ́nu ọ̀nà òun ní Marine Beach títí òun fi ṣílẹ̀kùn. Ó ní lẹ́nu àìpẹ́ yìí o wá bi òun bóyá òun lo oògùn, o jókòó, ọ̀rọ̀ kò jáde, omijé ló ń dà, òun ló bu omi fún ọ mu. Ó ní àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ti lọ, ìwọ nìkan ló kù. Ó wá ní, “Màmá, nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń kó wàhálà wa fún. Ta ni nọ́ọ̀sì ń kó tiẹ̀ fún?”

Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bó o bá ti délé lò ń ròyìn ẹni tó tún fọhùn, ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ.

Ọmọ mi, bó o bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, n kò ní bínú. Bó o bá padà sí i, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá sílé wá sinmi, kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí ọ̀gá rẹ kò bá gbà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n wá bẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Má gba bánkì o, n kò mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ wọn. Friday ni kó o fún.

Ọlọ́run tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ ọ, kí ìwọ lè sùn.

Èmi ni ìyá rẹ, Mọ́nsúrátù.