Igi Ni Tèmi, Ilẹ̀ Kì Í Ṣe Tèmi

                                        Àdúgbò Ìlórò,
                                        Ọ̀wọ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Òndó.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá, 1989.

Ignatius, ọ̀rẹ́ àtèwe mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyá Bọ́lá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ńkọ́, ṣé o ń lo oògùn? Láti ìgbà tí o kò ti fèsì lẹ́tà mi ni mo ti ń rò ó pé bóyá ara rẹ kò yá, tàbí pé ọkọ̀ tó gbé lẹ́tà náà dànù lọ́nà. Ọmọ́lẹ́yẹ, ìyàwó mi, ní bí ìrònú ọkọ bá ń sọ obìnrin di opó ni, òun ì bá ti ṣe opó tán tipẹ́. Ó ń kí ọ.

Ọ̀rọ̀ oko mi ní Uso ni. O mọ̀ pé àwa ará Àkókó tí a wá dáko níbí, igi kòkó ni tiwa, onílẹ̀ ló ni ilẹ̀. Bí kòkó bá ṣì wà ní ìdúró, kò sẹ́ni tó lè lé wa. Bí a bá gé e, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ onílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ará Èkó ya lu Uso. Kòkó tútù, kòkó tó bu, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó. Ìwọ lo kọ̀wé sí mi pé kì í ṣe kòkó ni wọ́n fẹ́, dọ́là tó ń mú wá láti òkè òkun ni. Òótọ́ lo sọ. Wọ́n rí ọ̀nà mìíràn gba dọ́là, wọ́n sì lọ. Rédíò wá ní ọjà kòkó ṣubú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjà wo? Bí ọjà Ọ̀wọ̀ bá tú, mo lè bi ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Èyí tó ń dá iye lé kòkó mi, n kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, n kò mọ ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bó bá ń gòkè, àwọn tó sún mọ́ tẹlifóònù ló ń kọ́kọ́ gbọ́. Bó bá wó, orí wa ló ń wó lé.

Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ Màléṣíà, tí àwọn náà ń gbin kòkó, ń rí báńkì tó ń yá wọn lówó. Ni mo bá gbé ẹ̀wù kóòtù mi wọ̀, mo lọ sí báńkì kan níbí, mo ní kí wọ́n gba igi kòkó mi ní ìdógò, kí n lè ra oògùn kòkó. Máníjà ní, "Baba, ta ló ni ilẹ̀ tí igi ọ̀hún wà?" N kò lè purọ́. Ó ní bí mo bá ní ilé ní Èkó, kí n padà wá. Ignatius, ta ló ní ilé ní Èkó tí yóò máa fọ́n oògùn kòkó ní Uso?

Láníyì, àbígbẹ̀yìn mi, ní kí a gé e, kí a gbin ẹ̀gẹ́. "Baba, ẹ̀gẹ́ ṣeé jẹ. Ṣé ẹ lè jẹ kòkó ni?" Àfi bí ẹni pé Akínwọlé, ọmọ onílẹ̀, ń fetí sí wa. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Baba Àkókó, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ gégi. Igi yín ni o, ẹ gé e! Màá tilẹ̀ bá yín wá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgégi." Onínúure! Wọ́n ní ẹnìkan fẹ́ ra ilẹ̀ náà láti fi kọ́ ilé epo.

N kò gé e. Láníyì bínú, ó wọ bọ́ọ̀sì Èkó ní ọjọ́ Ajé. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ èmi àti oko yìí. Kòkó ń di dúdú lórí igi, nítorí owó ẹni tí yóò ká a ju iye tí wọn yóò rà á lọ. Síbẹ̀ mò ń lọ lójoojúmọ́, mò ń ro ìdí igi tí n kò ní ká, kí Akínwọlé má baà wí pé mo ti pa oko tì.

Bá mi kí ìyá Bọ́lá, kí o sì kí àwọn ọmọ. Bí Láníyì bá yà sọ́dọ̀ rẹ ní Èkó níbẹ̀, fún un lóúnjẹ. Má ṣe sọ fún un pé kó padà wá bá mi. Mo ti wá ohun tí yóò padà wá bá, n kò rí i.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀,
                                        Fẹ̀sọ̀jayé.